Orin Àwọn Aláṣọ Dúdú àti Ọ̀pá Bàbá Mi

Ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin yìí, ní Ayétòrò níbí. Èmi ni mo ń bá ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Mo ń fa okùn rẹ̀ kó lè dìde, mo ń da ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ti bó sí i lẹ́nu, mo ń fi igi tì í wọlé. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, ariwo kan náà ni. Tí mo bá délé, ara mi á ṣì máa gbọ̀n bíi pé ẹ̀rọ náà bá mi wálé.

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní Ìlaròó ló gbé ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀ wá fún lílọ nígbà ìsinmi. Ó dúró, ó ń mi orí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ̀rọ yín yìí ń lù bí orin tí mo fẹ́ràn."

"Orin wo ló ń dún bí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́?"

"Ẹ gbé fóònù yín wá, ẹ máa gbọ́."

Ó fi orin bíi mélòó kan ránṣẹ́ láti orí fóònù tirẹ̀ sí tèmi. Ó dárúkọ irú orin tí wọ́n jẹ́, mo sì ní kó tún un pè: gọ́ọ̀tì, dákíwéèfù, póósìpọ́ǹkì. Ìwé mi kò jìnnà, kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti dúró, ṣùgbọ́n mo há wọn sórí bí ẹni tó ń há orúkọ oògùn sórí. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń kọ ọ́ máa ń wọ dúdú látòkè délẹ̀, àtọkùnrin àtobìnrin wọn ló sì ń lé tìróò.

Póósìpọ́ǹkì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Nínú orin tiwa, gìtá olóhùn ńlá máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ni. Nínú tiwọn, òun ló ń ṣíwájú, gìtá kékeré á wá máa tẹ̀ lé e bí òjò tó ń kán sórí páànù. Ọkùnrin tó ń kọ ọ́ kì í pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú yàrá tí kò sí ẹrù kankan níbẹ̀, tí kò sì bìkítà bóyá a gbọ́ tàbí a ò gbọ́. Díẹ̀ ni mo gbọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kò dí mi lọ́wọ́.

Ti dákíwéèfù, ẹ̀rọ ló ń lu ìlù rẹ̀. Kì í yára, kì í falẹ̀. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń fi Faransé kọrin. Àwọn oníṣòwò tó ń wá láti ìhà Kùtọnu ra gàrí ní Ọjà-Ọ̀dàn máa ń da Faransé mọ́ Yorùbá, nítorí náà mo mọ ibi tó ti ń sọ pé òun ti fatigé. Bí àwọn yẹn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn tí wọ́n bá sọ àpò kalẹ̀, pé ó ti rẹ àwọn. Mo ń dá orin yẹn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ṣáá títí bátìrì fi kú.

Gọ́ọ̀tì ló ṣòro jù fún mi láti ṣàlàyé. Dùùrù wà níbẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣe ìlérí ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ilé wa kọ́ ni èèyàn lè gbé irú orin bẹ́ẹ̀ wọ̀. Bàbá mi ti wà lórí ibùsùn láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń ti ẹnu wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ohùn wọn kò dé ọ̀ọ̀dẹ̀ mọ́, ọ̀pá kan wà lẹ́bàá ọwọ́ òsì wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ nǹkan, wọ́n á fi kan ògiri: kó, kó, kó. Ẹni tó bá wà nílé á sáré wọlé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan orin náà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Màmá jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú omi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Orin ni."

"Orin wo? Orin arò nìyẹn. Àìsàn wà nínú ilé, ìwọ wá ń kọ orin arò. Ṣé o fẹ́ fọ̀nà ilé han ikú ni?"

Bàbá dáhùn láti inú yàrá: "Ẹ... jẹ́ kó... gbádùn ara rẹ̀."

"Ẹ̀yin, ẹ dákẹ́ ní tiyín! Ẹ̀yin gan-an ni mò ń gbèjà."

N ò jiyàn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ wa: ìgbà tí òkú bá sùn là ń kọ orin arò. Ẹni tó bá kọ ọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú, bíi pé ó ń gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ de aláàyè ni. Mo pa á. Mo ra íápíìsì ní Ìlaròó, kí orin náà má baà kan ẹnikẹ́ni létí àfi èmi. Mo rò pé mo ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Màmá gbé gàrí lọ tà ní Ọjà-Ọ̀dàn, bẹ́líìtì ẹ̀rọ wa sì já, ni mo bá wà nílé. Mo na ara mi sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo fi íápíìsì dí etí méjèèjì. Orin kan wà lórí fóònù náà tí ìlù rẹ̀ dún bí igi tí wọ́n ń lù. Á lù díẹ̀, á dákẹ́, á tún lù. Mo gbọ́ kó, kó, kó. Mo ní inú orin ló wà. Ó tilẹ̀ bá a mu. Kí n má purọ́, inú mi dùn sí i. Mo ní ohun tí n kò gbọ́ nínú orin yìí rí ni mo gbọ́ lónìí yìí. Mo di ojú.

Nígbà tí orin parí, tí mo yọ ọ̀kan kí n lè fọwọ́ họ etí, ilé pa rọ́rọ́. Mo wá gbọ́ mímí ẹnìkan láti inú yàrá.

Bàbá jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ibùsùn, aṣọ ìbora wọn tutù. Ìtọ̀ ló ti ń gbọ̀n wọ́n. Wọ́n ti kàn, kàn, kàn, wọ́n wá ní kí àwọn dá dìde, ni wọ́n bá ṣubú. Mo nù wọ́n, mo pààrọ̀ aṣọ, mo gbé wọn sókè. Wọn kò wúwo. Bàbá tó máa ń gbé àpò ẹ̀gẹ́ láti oko dé títì láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. N ò gbọ́."

"Mo... kàn."

"Mo rò pé inú orin ni."

Nígbà tí mo fẹ́ fi ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n mi orí. "Gbé e... sí kọ̀rọ̀."

Látọjọ́ náà, wọn kò kàn mọ́. Màmá á wà nídìí agbada gàrí, wọ́n á dìde lọ wo Bàbá, wọ́n á padà, wọ́n á tún dìde, gàrí á sì ti jóná.

"Ọkùnrin yìí, ẹ ṣáà kan ògiri! Ṣé ẹ fẹ́ fi ìrìn pa mí ni?"

"N ò fẹ́... dí ẹnikẹ́ni... lọ́wọ́."

Kò sí èébú tí wọ́n lè bú mi tí ì bá dùn mí tó ìyẹn. Màmá ń rù. Èmi náà ń sáré wálé láti ìdí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, mo ń sáré padà. Ẹ̀rọ, ilé, ẹ̀rọ, ilé. Mo pa orin onígi yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù. Àwọn yòókù, n ò lè pa wọ́n rẹ́. Nídìí ẹ̀rọ, mo ṣì ń fi etí kan gbọ́ wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí Bàbá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin pé Bàbá á dìde, Bàbá á jó, Bàbá á fò. Bàbá ń gbé ọwọ́ wọn kan tó kù sókè. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Bàbá kọjú sí ògiri. Èmi ń kó àga jáde lọ́wọ́.

"Orin òkú rẹ... dà?"

Mo wo Màmá lójú ná. "Ó wà nínú fóònù, sà."

"Fi sí mi... létí."

Màmá pòṣé. "Ó ti kó o ràn yín." Ṣùgbọ́n wọn kò dá mi dúró.

Mo fi íápíìsì kan sí etí òsì Bàbá, mo fi ìkejì sí tèmi. Obìnrin oní-Faransé yẹn ni mo tàn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, ojú wọn ṣí sílẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," wọ́n ní.

"Ta ni, Bàbá?"

"Obìnrin yìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́... kò sì... purọ́." Wọ́n fojú tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. "Gbogbo ẹni tó ń wá... ayọ̀ ni wọ́n ń pariwo... mọ́ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Màmá tó fara ti ilẹ̀kùn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n wá jókòó sí etí ibùsùn. "Ó rẹ èmi náà," wọ́n ní.

N ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó rẹ òun rí nínú ilé wa. Àfi bíi pé èèwọ̀ ni ìyẹn náà, bí orin arò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà máa kan ògiri," mo ní. "N ò ní dí etí méjèèjì mọ́."

Bàbá bi mí ohun tí àwọn olórin náà ń wọ̀, mo sì sọ fún wọn.

"Ọkùnrin... ń lé tìróò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ... kò lé e... tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o," Màmá ní.

Mo gbé ọ̀pá náà kúrò ní kọ̀rọ̀, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ wọn. Wọn kò kọ̀ ọ́, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ ń lọ. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń yọjú sí yàrá, ibi tí mo fi ọ̀pá sí náà ló máa ń wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń da omi sí ẹsẹ̀ kí omi ẹ̀gẹ́ lè kúrò níbẹ̀. Íápíìsì kan wà ní etí mi. Mo gbọ́ kó, kó, kó. N ò dúró bi ara mi bóyá inú orin ni. Mo fà á yọ, mo sáré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pá wà lọ́wọ́ Bàbá.

"Kí lẹ fẹ́, sà?"

"Kò sí." Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Mo ní kí n... wò ó... bóyá wàá gbọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Omi... ń kán sílẹ̀. Lọ nu ẹsẹ̀ rẹ."

N ò tíì dé àárín ọ̀ọ̀dẹ̀ tí wọ́n tún kàn. Mo padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n. Mo gbé póò wá.