Iná Aláwọ̀ Aró

Olùtajà náà tan iná aláwọ̀ aró sórí àpótí gíláàsì tí iyùn ààyè, ẹ̀dá inú òkun tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, wà nínú omi rẹ̀. Ó ní, "Irú èyí ni iyùn ń fẹ́, Mà." Ọkàn mi ti lọ sí Ìdí-Ìrókò, níbi tí mo ti ṣe kékeré.

Bàbá mi ní irú àpótí yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ ra iná rẹ̀ ní Kútọnu. "Bá mi ṣọ́ ọ." Màmá mi wà lóko. Ó ṣe mí bíi pé òkùnkùn iyàrá ń pa iyùn lára, mo bá ti àpótí náà sínú oòrùn, níbi tí a ń sá láfún sí. Omi gbóná, iyùn sì kú, ó funfun bíi láfún. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń ti bodè bọ̀. Ìkankan ò yà sílé wa.

Bàbá ra iná náà lóòótọ́, àmọ́ ilé rẹ̀ kejì ní Kútọnu ló tàn án sí.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo sọ fún olùtajà náà, "ẹ pa iná yẹn."