Bóòtù Ìbọn àti Ẹ Kú Iṣẹ́

Ṣìì, ṣìì, ṣìì. Òkúta ìpọ́n ń lọ, ó ń bọ̀ lójú irin, òórùn epo ìbọn sì gba gbogbo gáráàjì kan. Bàbá tí ilé wọn kángun sí tiwa ní Balch Springs nílùú òyìnbó ló jókòó ti iṣẹ́ náà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ irin, ìbọn títún ṣe ni wọ́n wá fi ń najú.

Ìbọn tèmi ló wà lọ́wọ́ wọn, ọlọ́ta kékeré tó ń ti ọta mìíràn wọlé fúnra rẹ̀ téèyàn bá ti yìn ín tán. Ọta rẹ̀ ń fọ́n káàkiri bébà tí mo ń yìn ín sí bí àgbàdo tí a dà fún adìẹ. Sátidé sì ni wọ́n máa yan àwọn ọmọ tó máa wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn ní Forney. Mo fẹ́ àyè yẹn ju oúnjẹ lọ. Bàbá ní bóòtù ló lẹ́bi, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìbọn: àyè tó fi sílẹ̀ fún ìdí ọta ti pọ̀ jù. Wọ́n á ha etí rẹ̀ díẹ̀.

"Díẹ̀ ni o. Irin téèyàn bá ha kúrò, kò sẹ́ni tó lè dá a padà."

Ibẹ̀ la wà tí màmá mi ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, wọ́n sì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Oòò, a dúpẹ́! Ìyàwó wa, káàbọ̀. Ṣé shift yẹn ò pọ̀ jù? Ọkọ ẹ ńkọ́? Freeway ò há?"

Bàbá kì í dáhùn ìkíni lábọ̀. Ojú wọn wà lára màmá mi, ọwọ́ wọn ò sì dúró lórí irin. Nígbà tí màmá mi lọ tán, wọ́n wọn bóòtù náà, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Is it bad?" ni mo bi wọ́n.

"Mo ti ha á jù. Ọta lè bú nínú ẹ̀ kó tó pa dé. Mi ò ní fi irú ẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, kẹ́nikẹ́ni má kí wọn mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹran ni mí, tí wọn ò ní kí mi? Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbéṣẹ́ kalẹ̀."

Wọ́n wá gbé ìbọn tiwọn jáde, irú tèmi gẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n ti ń tún ṣe látọjọ́ yìí fún ìdíje àwọn àgbà ní Sátidé kan náà. Wọ́n yọ bóòtù rẹ̀, wọ́n fi sínú tèmi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

"And you, sir?"

"Orúnkún ń dùn mí." Irọ́ ni, mo rí wọn tí wọ́n gun àkàbà láàárọ̀. "Má sọ fún mọ́mì ẹ. Ìkíni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ní Sátidé, ihò ọta mi dì mọ́ra lójú bébà, wọ́n sì yàn mí. Bàbá jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Addison báyìí. Bí ẹnìkan bá kí mi, mo máa ń gbọ́wọ́ kúrò lórí iṣẹ́ kí n tó dáhùn. Ìyẹn ò ṣòro. Èyí tó ṣòro ni ìgbà tí màmá mi bá ń rántí Bàbá.

"Bàbá yẹn mọ èèyàn kí o! Orúnkún burúkú yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n yìnbọn lọ́dún yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," ni mo máa ń sọ.