Àpótí Funfun Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ara Fẹ́ǹsì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ẹlẹ́yẹlé lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, mi ò sì lè pa á mọ́ra. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ilé mi ò jìnnà sí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé. Láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ máa rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ọmọ mi Tèmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ikọ́ fée ni.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wùmí wá láti yunifásítì. Ó ní àwọn ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe rí yí adágún ká, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, bóyá èéfín ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí funfun kékeré kan tó ń wọn èéfín kọ́ ara fẹ́ǹsì mi. Mo gbà. Ta ni ò fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ẹ̀ ń fà símú?

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Bàbá Ṣadé, aládùúgbò mi, fi wọlé wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o! Wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé kámẹ́rà ló wà nínú ẹ̀ ni? Wọ́n ní ìjọba fẹ́ wó gbogbo ilé tó wà létí omi, pé bí ìjọba ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ìyá Tèmi, yáa tú nǹkan yẹn kúrò kó tó di wàhálà sí wa lọ́rùn."

Àyà mi já! Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń fu mí sí Wùmí. Kí ló ń ya fọ́tò fún nígbàkigbà tó bá wá wo àpótí náà? Kí ló ń kọ sínú ìwé yẹn? Mo bá tú àpótí náà, mo fi ìró dì í, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Wùmí tún dé, mo sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó ń bá olè wí. Kò bínú. Àṣé àpótí yẹn ti ń fi ohun tó ń wọ̀n ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀ kí n tó tú u. Ó fi ìlà kan hàn mí tó ń sọ bí èéfín ṣe pọ̀ tó, ó ń lọ jẹ́jẹ́, àfi lọ́sàn-án Jímọ̀ tó máa ń ta sókè fìì.

"Mummy, kí lẹ máa ń sun lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Èmi kẹ̀? Dùgbẹ̀ ni mo máa ń wà, lẹ́nu iṣẹ́! Orí mi wá wú: ọjọ́ Jímọ̀ náà ni ìyá mi, tó ń bá mi wo ọmọ nílé, máa ń pè mí pé ìmí Tèmi ti tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbàyè níbi iṣẹ́ ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Èéfín dúdú kìjikìji ń bọ̀ láti òdìkejì fẹ́ǹsì. Mo gun àga, mo yọjú. Bàbá Ṣadé rèé, wọ́n ń sun wáyà iná, kí wọ́n lè yọ kọ́pà inú ẹ̀ tà!

Ojú wa ṣe mẹ́rin. Gbogbo ohun tí wọ́n rí sọ ni, "Ṣé o ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?"

Mi ò pariwo. Mo gbé Tèmi wá síwájú wọn, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń mí. Wọ́n bu omi pa iná náà, wọn ò sì gbójú sókè.

Wọn ò tíì sun òmíràn, àpótí sì ti padà sáyè ẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Wùmí. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, ara mi ò tíì balẹ̀ sí Bàbá Ṣadé.

Ohun tí mo kọ́ ni pé bí ẹnì kan bá ń dẹ́rù bà yín nípa nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: kí ni òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ kí nǹkan náà tú síta?

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ta lẹ fura sí tí kì í ṣe òun? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀, mò ń kà á.