Bí Tíráàmù Àbújá Ṣe Gbé Mi Lọ Kí N Tó Dáhùn Ìkíni Àna Mi

Àkùkọ ò tíì kọ l'Ọ̀fà tí mo fi wọ mọ́tò. Iṣẹ́ tí ìyàwó mi rán mi kò ju ẹyọ kan lọ. Àdùkẹ́ ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Àbújá, ti rí ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Túndé lorúkọ rẹ̀, ẹnjinníà ni, Àbújá ni wọ́n bí i sí, Yorùbá kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá Àdùkẹ́, ẹ lọ wò ó bóyá ó mọ àgbà kí," ni ìyàwó mi wí. "Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí ìgbéyàwó."

Ọ̀nà Kàbbà gbọ̀n wá débi pé eyín mi kan ṣí láti apá ọ̀tún lọ sí òsì. Ní Lọ́kọ́ja, mo jẹ orí ẹja odò. Ẹni tó ń jẹ ìrù ẹja kan náà wà ní tábìlì kejì, a ò sì tíì kí ara wa. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Lugbe, ẹ̀yìn Àbújá tí Àdùkẹ́ ń gbé, níbi tí ilé tí ènìyàn bá rí láàárọ̀ ti máa ń bímọ kó tó di alẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Àdùkẹ́ ra máàsà fún mi, àkàrà ìrẹsì tí àwa ń pè ní wàínà. Tiwọn dùn ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, Málààmù Sani, awakọ̀ kan ládùúgbò rẹ̀, fi takisí gbé wa lọ sí ibùdó tíráàmù, níbi tí Túndé ti fẹ́ pàdé wa.

"Sànnu, Baba," ló wí, ìyẹn ni pé ó kí mi.

"Yauwa," ni mo fi dá a lóhùn. Haúsá mi parí síbẹ̀.

Rélùweè àtijọ́ tó ń ti ẹ̀yìn ìlú wọ àárín ìlú ni wọ́n sọ di tíráàmù. Àbúrò rélùweè ni tíráàmù: ó kéré, ó rẹlẹ̀, iná mànàmáná ló ń jẹ. Rélùweè tiwa l'Ọ̀fà máa ń fọn fèrè kó tó dé, kó tó lọ, àti nígbà tí kò bá níbi tó ń lọ. Ó ń dúró de aláboyún, ó ń dúró de ewúrẹ́. Tíráàmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ojú irin kan náà ni o, ìwà ló yí padà.

Èmi àti Àdùkẹ́ ti wọ inú tíráàmù, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí Túndé sáré dé pẹ̀lú akoto iṣẹ́ lórí. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó ṣe àyípadà náà. Ó nà gbalaja síta níwájú ilẹ̀kùn, àyà kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà!"

Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Mo ní kí n dán an wò díẹ̀. "Ọmọ ta ni ọ́?" ni mo bi í. "Níbo ni ilé bàbá rẹ?"

Pàà! Ilẹ̀kùn pa dé, tíráàmù gbéra.

"Bàbá! Ẹ ò tíì ní kó dìde!" Àdùkẹ́ fẹ́ sunkún.

"Ní kí ó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró."

"Kò ṣeé dá dúró, Bàbá. Òun gan-an ló ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ó pè é lórí fóònù. Túndé ní òun ṣì wà nílẹ̀; ìyá òun ti kìlọ̀ pé bí òun bá dá ara òun dìde, ìyàwó bọ́ nìyẹn. Àdùkẹ́ na fóònù sí mi kí n dá a sílẹ̀. Mo ní a kì í fi fóònù gbé ọmọ ènìyàn dìde.

Ìgbà tí ọkọ̀ fi gbé wa padà, èrò ti pé lé e lórí. "Kai!" ni wọ́n ń ké. Obìnrin kan ta agbòòrùn bò ó, ẹlòmíì gbé búrẹ́dì sí i létí. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń pàṣẹ fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Mo bọ́ọ́lẹ̀ kíákíá kí ilẹ̀kùn má tún pa dé, mo gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn.

"Dìde, àna mi. Wàá dàgbà, wàá dógbó."

"Bàbá, ẹ ṣé," ló wí, ó ń gbọn eruku. "Mo ti ń dàgbà nílẹ̀ níbẹ̀."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi kò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé báàgì kalẹ̀. "Ṣé ó mọ àgbà kí?"

"Ó mọ̀ ọ́n kí ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n dáhùn lọ," ni mo wí. "Máa retí iṣu ìdána."

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé, bí àgbà bá rí ọmọ rere nílẹ̀, kó tètè ní kó dìde. Ayé tó wà níta yìí kì í dúró de ìyókù ìbéèrè.