Batakari Tí Mo Pẹ́ Kí N Tó Rán fún Milutin

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà. Abẹ́rẹ́ ló mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe bírò.

Batakari ni mò ń rán ní àdúgbò Zogbeli, lọ́dọ̀ Màmá Sàlámátù, ọ̀gá mi. Aṣọ híhun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ la máa ń fọwọ́ rán pọ̀ títí tí yóò fi di ẹ̀wù.

Baba òyìnbó kan láti Sẹ́bíà ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa ní Changli, àdúgbò wa. Milutin ni orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí orúkọ ibẹ̀ náà fi di Milutin, àwọn oníkẹ̀kẹ́ akérò ń ké e pé, "Milutin, ó ku ẹnì kan!" Ọ̀sẹ̀ tí omi jáde ni Ráfátù ẹ̀gbọ́n mi bímọ ọkùnrin, wọ́n bá sọ ọ́ ní Milutin. Òun àti Baba wá di takwara, ìyẹn àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Lọ́dọ̀ wa, àgbà takwara ló ń dáṣọ fún kékeré.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún márùn-ún, Baba ti padà sílé, ara rẹ̀ ò sì yá. Ó pè mí lórí fóònù pé kí n rán batakari fún takwara òun, pé òun fẹ́ rí i lọ́rùn rẹ̀. Hausa tó kọ́ lọ́dọ̀ wa ló fi ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ó tún pè. "Ṣé takwara mi ti wọ̀ ọ́?"

"Ó ku díẹ̀, Baba."

Irọ́ ni. N kò tíì gé e. Àwọn oníbàárà ń dúró tì mí lórí, ojú sì ń tì mí láti ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Baba jìnnà, kò lè pariwo mọ́ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Màmá Sàlámátù wí, "ẹnu ẹ ò lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ẹ ló ń bá ẹ kọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Baba pè. Nígbà tó yá, mo rán an tán, èmi ni mo sì pè é lórí fídíò. Ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń yí po kí batakari rẹ̀ lè fẹ̀. Ọmọbìnrin Baba ló gbé fóònù. Ó rọra sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí n lè gbọ́: àná ni wọ́n sin ín.

"Àǹtí, ṣé Baba ò rí mi ni?"

Mo rọra bọ́ batakari náà lọ́rùn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú ọ̀gá mi. N kò fọwọ́ kan iṣẹ́ àwọn tó ń kánjú. Mo tú ẹ̀gbẹ́ batakari náà méjèèjì, mo sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan kún un, kí takwara Baba lè wọ̀ ọ́ pẹ́.