Bàbá Ábúráhámù Tí Mo Fi Ẹnu Bí

Bí o bá bi àwọn ará Niger Street ní Sabon Gari léèrè lọ́dún 1976 pé ta ni Adékànmí, wọ́n á ní ṣé Adékànmí onísíìpù ni. Síìpù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni mo ń tà; bàbá mi ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún mi. Àmọ́ bí o bá bi èmi fúnra mi, n kò ní dárúkọ síìpù rárá. Màá ní èmi ni ọ̀gá akọrin ìjọ Aládùúrà wa tó wà lẹ́yìn Enugu Road, èmi sì ni ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Kano tó mọ orin àgbáyé. Kò sí ẹni tó fi mí joyè yìí o. Èmi ni mo fi ara mi jẹ ẹ́, mo sì ń gbé e kiri bí oyè gidi.

Àìsàn tó ń ṣe mí nígbà náà kò ṣòro láti ṣàlàyé: n kò lè fẹ́ràn ohun tí ẹlòmíràn bá fẹ́ràn. Jùjú tí gbogbo ilé ń gbọ́, mo ní ariwo ni. Orin fíìmù Íńdíà tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ kiri, mo yínmú sí i. Èmi ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́. Mo ní àwo orin láti Madagásíkà, mo ní ti erékùṣù Cape Verde, mo ní ọ̀kan tí awakọ̀ akẹ́rù kan gbé wá láti Sudan, tí iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ họ ojú rẹ̀ tán. Bí mo bá gbé ọ̀kan sórí gírámáfóònù lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹnì kan níta ń mi orí sí i, inú mi a dùn díẹ̀. Bí ó bá di ẹni mẹ́ta tó ń mi orí, àwo náà ti bàjẹ́ lójú mi nìyẹn, n kò ní gbé e síbẹ̀ mọ́. Fúnlọ́lá ìyàwó mi sọ nígbà kan pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sí ọkùnrin mìíràn tó ń wo òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá ti lé òun jáde tipẹ́.

George ló ń bá mi wá àwọn àwo náà. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ ìjọ wa, ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn ló ń gbá inú ọkọ̀ lẹ́yìn tí èrò bá sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí èrò bá gbàgbé, tí wọn kò sì padà wá mú, ó máa ń rántí mi tó bá jẹ́ àwo orin. Lọ́jọ́ kan, ó mú àwo kékeré kan wá nínú bébà, ó ní inú ọkọ̀ tó ti Addis Ababa dé ni àwọn ti rí i. Àwọn lẹ́tà tó wà láàárín rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí ẹrẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè kà níbẹ̀ àfi nọ́ńbà kan ṣoṣo, 45.

"Ọ̀gá Adé, this one small o," George wí. "Kò jọ àwọn ńláńlá tó wà lọ́wọ́ yín. Ṣé gírámáfóònù yín á lè kọ ọ́ báyìí?"

Mo ní, "George, ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní rẹ́kọ́ọ̀dù?"

Àlòkù ni gírámáfóònù mi. Ọwọ́ kékeré tí wọ́n fi ń yí eré rẹ̀ padà ti kán kí n tó rà á, nítorí náà eré kan ṣoṣo ló mọ̀, eré àwọn àwo ńlá. Èyí kò dùn mí rí, torí àwo ńlá nìkan ni mo ní. Mo gbé àwo kékeré náà sí i, mo fi abẹ́rẹ́ lé e, mo jókòó.

Ohùn tó jáde gbé mi lọ. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ni, ó jinlẹ̀, ó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fèrè kan ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ìlù ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ronú. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń sọ, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ara mi pé ayé kò mọ irú ẹni báyìí, èmi Adékànmí ni mo rí i.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin náà fún ẹgbẹ́ akọrin: "Rọra máa bọ̀, ọmọ mi, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀." A kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwọn ìyá sunkún. Wòlíì Ọlọ́runṣẹ́gun, olórí ìjọ wa, bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé ibo ni mo ti rí irú orin yìí. Bí mo bá jẹ́ èèyàn gidi ni, ǹ bá sọ pé inú àwo ni, n kò sì mọ ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá arúgbó kan ní Etiópíà ló ni orin náà. Wòlíì ní kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ní Bàbá Ábúráhámù. Ó ní ṣé iṣẹ́ Olúwa ni bàbá náà ń ṣe. Mo rántí nọ́ńbà tó wà lára àwo, mo ní ó ti di ọdún márùndínláàádọ́ta tó ti ń kọrin fún Olúwa láìfi ẹran kan ẹnu. Ìjọ pariwo halelúyà. Bí mo ṣe fi ẹnu bí àgbàlagbà kan nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú méjì, láìrọbí.

Ìyá mi, Matilda, wà lórí ìjókòó iwájú lọ́jọ́ náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ àdúrà ṣeré. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ó bi mí pé báwo ni Bàbá Ábúráhámù. Ǹ bá ti ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn akọrin wà nítòsí, mo sì ti ń ṣe bí ẹni tó ń gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ara wọn ò yá díẹ̀, Màmá." Màmá káwọ́ lérí. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, ní gbogbo Ọjọ́rú, òun á máa gbààwẹ̀ fún bàbá náà, láti òwúrọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láìfi omi kan ẹnu.

Mo rò pé yóò sú u. Kò sú u. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá. Mo ní kí n dọ́gbọ́n sí i, mo kéde lọ́jọ́ kan pé ìròyìn ayọ̀ ti dé, ara Bàbá ti yá. Màmá jó, ó gbé ọpẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní ẹni tí Ọlọ́run ṣe irú èyí fún, ṣé a wá lè pa á tì? Ààwẹ̀ àìsàn di ààwẹ̀ ọpẹ́. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n kúkú pa Bàbá Ábúráhámù. N kò ṣàwàdà. Mo ro òtútù àyà, mo ro kí ràkúnmí gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n mo mọ Wòlíì wa: ìsìn ìrántí ogójì ọjọ́ ni yóò ṣe, Màmá yóò sì fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀. Mo bá jẹ́ kí ó máa wà láàyè.

Lọ́dún 1982, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ Màmá kò tó, kó má ṣe fi ebi pa ara rẹ̀ mọ́. Egungun èjìká rẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ sùtánà. Mo bẹ̀ ẹ́, Fúnlọ́lá bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Adékànmí, bàbá yẹn ò jẹran ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Èmi tí mo kàn ń fo oúnjẹ ọjọ́ kan, kí ni mo ṣe?" Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi ló lè fún ìyá mi lóúnjẹ. N kò sọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rín inú ìtàn yìí tàn yín pé ẹni rere kan ló ń sọ ọ́: mo fẹ́ràn oyè mi ju ikùn ìyá mi lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, Olúbùsọ́lá, darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní gírámáfóònù tuntun kan tó máa ń fúnra rẹ̀ mọ bí àwo ṣe tóbi tó, á sì yan eré tó yẹ ẹ́. Wòlíì gbọ́, ó ní kí n mú àwo Bàbá wá lọ́jọ́ àjọ̀dún akọrin, kí ìjọ lè gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún. Inú mi dùn! Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn. Mo nu àwo náà, mo wọ sùtánà tuntun. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, kò lè wá lọ́jọ́ náà.

Olúbùsọ́lá gbé àwo sí i, ó so ẹ̀rọ náà mọ́ sípíkà ìjọ. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí ẹni Ọlọ́run." Abẹ́rẹ́ kan àwo.

Ọmọbìnrin ni. Ọmọbìnrin tí kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ, ohùn rẹ̀ ń fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín orin. Fèrè tó máa ń sunkún nílé mi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlù yára débi pé àwọn ọmọdé dìde, wọ́n ń mi ìdí. Orin kan náà ni, mo mọ gbogbo ìyípo rẹ̀. Hajarat, tó ń ta máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lẹ́nu géètì wa, na orí gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Kai! Yau kam waƙarku ta yi daɗi!" Ó ní òní gan-an ni orin wa tó dùn. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ta máásà níbẹ̀.

Mo pariwo pé ẹ̀rọ náà ti ya wèrè, pé eré àsápajúdé ló ń sá. Olúbùsọ́lá gbé àwo náà sókè, ó fi ìka tọ́ka sí àárín rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n kọ ọ́ síbí. Forty-five. Eré tó yẹ kó máa sá nìyẹn. Thirty-three lẹ ti ń fi gbọ́ ọ."

George sọ̀rọ̀ láti ìjókòó ẹ̀yìn kí gbogbo ayé lè gbọ́: "So na the forty-five years be that?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wòlíì Ọlọ́runṣẹ́gun fi Bíbélì bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọn kò tilẹ̀ bínú sí mi. Bí wọ́n bá bínú ni, ǹ bá rí nǹkan fi gbéraga.

Lẹ́yìn ìsìn, Wòlíì fà mí sẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Adékànmí, ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún Màmá, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́." Mo ní n ó sọ lọ́la. Lọ́jọ́ Ajé, mo ní ọjà pọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní orí ń fọ́ mi. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, Fúnlọ́lá bu oúnjẹ sínú kúlà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ gbé e lọ fún Màmá. Bí ẹ bá gbé e padà wá ní kíkún, ẹ má wọlé."

Mo bá Màmá nínú yàrá rẹ̀ ní òpin Niger Street, ó jókòó lórí ẹní, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àwo, eré, nọ́ńbà, ọmọbìnrin. Mo ní, "Màmá, kò sí Bàbá Ábúráhámù. Kò sí i rí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Ó pa Bíbélì orí itan rẹ̀ dé.

"Àìsàn wọn ńkọ́?"

"Irọ́ ni, Màmá."

"Ara wọn tó wá yá ńkọ́?"

"Irọ́ ni."

Mo ń retí ìgbátí, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ti múra ohun tí n ó sọ bí ó bá bú mi, mo ti múra bí ó bá rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn yòókù. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí Bíbélì.

"Ebi máa ń pa mí, Adékànmí," ó ní. "Tó bá ti ń lọ sí aago méjì, ebi máa ń pa mí gan-an. Màá wá sọ fún ara mi pé ohun tí bàbá arúgbó yẹn ń rí ju èyí lọ."

Aago ara ògiri ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá méjì. Mo ṣí kúlà náà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, ó ṣì ń yọ èéfín. Mo na ọwọ́ kí n lè bù ú fún un, ó fi ìgúnpá tì mí sẹ́yìn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu inú kúlà náà yíká, ó wá nà án sí mi.

"Ṣé ó ṣì kù?"

Kò kù mọ́. Mo gbé kúlà, mo sáré jáde sí Niger Street. Àwọn tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn rí mi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N kò dúró dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ebi ń pa ìyá mi.