Ọṣẹ Tí Bàámi Fi Wọn Ihò Iná

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọṣẹ pupa láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ̀rù a kọ́kọ́ bà mí, ẹ̀rín a sì tẹ̀ lé e. Erunmu là ń gbé nígbà náà. Bàámi ń ṣe káfíńtà, èmi sì ni áńgẹ́lì nínú eré Kérésì ìjọ wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé àtùpà gáàsì la fi ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn, oníkòkó kan ní Ìyànà Ọ̀fà yá ìjọ ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ àti àwọn iná tí a ó gbé kọ́ sókè orí wa nìkan ni wọ́n yá wa o, wọn ò yá wa ní púlọ́ọ̀gì.

Ihò mẹ́ta ló wà lára ẹ̀rọ náà. Alàgbà ìjọ ní ká kàn fi igi ìṣáná ki wáyà mọ́ ọn. Bàámi kọ̀ jálẹ̀. "Ohun tí yóò wà lókè orí ọmọ ọlọ́mọ, a kì í fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un." Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ ọ́, ì báà ṣe àjà ni wọ́n ń kàn. Wọ́n gé ọṣẹ pupa tó ṣì rọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà, ká lè mú àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ ra púlọ́ọ̀gì n'Íbàdàn. Wọ́n wé e sínú ewé, wọ́n gbé e sójú fèrèsé.

Àfi èmi náà! Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti bá wọn lọ, ọṣẹ yẹn ni mo mú wọ balùwẹ̀. Mo ń kọ orin áńgẹ́lì, ọṣẹ ń hó. Ìgbà tí mo rí i pé ó ti dán bí òkúta odò ni ara bù mí máṣọ. Mo wé e padà, mo gbé e sójú fèrèsé.

Ní Gbági, ọlọ́jà to púlọ́ọ̀gì síwájú wa: ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó, ńlá àti kékeré. Bàámi tú ewé. Wọ́n wo ọṣẹ, wọ́n wò mí. Ọ̀la ni eré. Bí a bá ra èyí tí kò bá ihò mu, yálà kí Alàgbà fa igi ìṣáná yọ, tàbí kí áńgẹ́lì máa jíṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ni mo bá bú sẹ́kún. "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fi wẹ̀."

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bàámi ò rẹ́rìn-ín. Mo bá jẹ́wọ́ èkejì, èyí tó burú jù: mo ti ki ọmọńdinrín ìka mi bọ ihò tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. "Wọn ò tíì tan ẹ̀rọ o, Bàámi! Ihò òkè gbà á dé ìdí èékánná, àwọn ìsàlẹ̀ ò gbà á."

Bàámi mú ìka mi, wọ́n ń fi í wé ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì níkọ̀ọ̀kan. "Èyí ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa etí mi. Wọ́n wá ra ìkọ́ irin oníbóòtì àti ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kún un.

Nígbà tí a padà dé, Alàgbà ti kó ìko sílẹ̀ láti fi so àwọn iná náà kọ́, bí wọ́n ti ń so iṣu mọ́ igi àká. Bàámi ní, "Ẹ dákun, Alàgbà, iṣu kì í gbóná." Wọ́n fún ìkọ́ mọ́ igi àjà, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n kún un, pé bí ìkọ́ bá já, ẹ̀wọ̀n á mú iná dúró.

Púlọ́ọ̀gì wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí iná tàn lálẹ́ eré, gbogbo ìjọ hó yèè! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé iṣẹ́ tí mo fẹ́ jẹ́.

Ọmọńdinrín mi ti wú báyìí, kò lè wọ ihò kankan mọ́. Ìyẹn ò dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ló ń yà mí lẹ́nu, tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà níwájú ọlọ́jà. Èmi ìyá àgbà yìí, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fọ́ abọ́ ìyàwó ọmọ mi. Mo ní ológbò ni.